Ẹ Má Fi Orúnkún Ọmọ Yín Pamọ́

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Òkè Bọ́lá ni mò ń gbé, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà. Àbígbẹ̀yìn mi ọkùnrin pé ogún ọdún lọ́dún yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níhìn-ín ní Ìbàdàn ló ti ń kàwé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni gbogbo èèyàn fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń bá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn gbá a, orúkọ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pariwo. Éjẹ́ǹtì kan rí i níbẹ̀, ó ní òun ti bá ẹgbẹ́ kan sọ̀rọ̀ lókè òkun, pé wọ́n fẹ́ dán an wò.

Oṣù tó kọjá ni wàhálà dé. Ẹnikẹ́ni kò gbá a lẹ́sẹ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ fi yí padà, ẹsẹ̀ dúró sójú kan, ara yí. Ó ní òun gbọ́ “pá” nínú orúnkún òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wú débi pé a ní láti ya ẹsẹ̀ ṣòkòtò kí a tó rí i bọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú atògun kan wá. Ó fi òrí gbígbóná fà á, ó fi igi àti aṣọ dì í gírígírí. Wíwú náà ti lọ sílẹ̀ báyìí, ọmọ náà sì ti ń rìn, àmọ́ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orúnkún náà máa ń yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́.

Éjẹ́ǹtì ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní oṣù méjì sí i ni ìdánwò náà, pé wọn yóò gún un lábẹ́rẹ́ kan lọ́jọ́ náà tí kò fi ní mọ ìrora. Ó ní kí a wá ₦600,000 fún ìwé ìrìnnà. Bàbá rẹ̀ ní kó padà sí kíláàsì, pé bọ́ọ̀lù ti tán. Ọmọ náà kì í jẹun dáadáa mọ́. Fídíò ara rẹ̀ ló ń wò lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́.

Ṣé bọ́ọ̀lù ti tán lóòótọ́? Ṣé kí a bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra títí yóò fi rí ẹgbẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Agbábọ́ọ̀lù,
Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ ọmọ ṣòfò. Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ti ìkejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ló lè ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Rárá o. Ẹ má bò ó mọ́ra.

Kò sí ojúlówó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí yóò bá ọmọ tọwọ́ bọ̀wé láìjẹ́ pé dókítà wọn ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, wọ́n á di ojúgun rẹ̀ mú, wọ́n á fà á síwájú láti mọ̀ bóyá orúnkún dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara. Abẹ́rẹ́ lè pa ìrora, kò lè pa àwòrán rẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Nwankwo Kanu. Lọ́dún 1996, òun ni balógun ikọ̀ wa tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá lójú gbogbo ayé. Inter Milan ti gbà á lọ́wọ́ Ajax. Nígbà tí àwọn dókítà Inter yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé fáàfù ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ó ti parí nìyẹn. Ó padà sórí pápá lọ́dún 1997, ó dé Arsenal lọ́dún 1999, òun náà ló sì jẹ góòlù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi gba ife FA lọ́dún 2008. Àyẹ̀wò tó fẹ́ jọ pé ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Irú ọ̀rọ̀ ọmọ yín, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ já nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tiwa kan ní Amẹ́ríkà. Dayo Odeyingbo ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn, ló ń gbá fún Yunifásítì Vanderbilt. Lọ́dọọdún, lóṣù kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ibẹ̀ máa ń to ara wọn tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á máa ṣa àwọn ọmọ yunifásítì níkọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe tètè mú ọ sí ni owó rẹ ṣe máa pọ̀ sí. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni Odeyingbo ń ṣe ìmúrasílẹ̀ fún ìṣàyàn yìí nígbà tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò gbọ́. Indianapolis Colts mọ̀ pé kò lè sáré, síbẹ̀ wọ́n mú un, òun ni ẹni kẹrìnléláàádọ́ta tí wọ́n ṣà lọ́dún náà. Wọ́n jẹ́ kó tọ́jú ara rẹ̀, ọdún náà kò sì parí kó tó wọ pápá. Nígbà tó di 2025, Chicago Bears bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 48 dọ́là. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, iṣan gìgísẹ̀ tún já. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, apá tó pọ̀ nínú owó náà sì jẹ́ èyí tí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

David Ojabo, tí wọ́n bí ní Port Harcourt, tó sì ń gbá irú bọ́ọ̀lù yẹn, náà rí irú rẹ̀ lọ́dún 2022. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ni, ní Yunifásítì Michigan, ojú àwọn tí ẹgbẹ́ rán wá wò ó gan-an ni iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé yóò wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ipò 45 ló bọ́ sí, Baltimore Ravens ló mú un. Tirẹ̀ kò sì rọrùn, nítorí orúnkún tún dá a dúró lọ́dún 2023. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ẹgbẹ́ lè gba ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ já, bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ó já. Ẹni tó bá purọ́ fún wọn ni wọn kì í fẹ́ rí mọ́.

Ó kan ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Dókítà nìkan ló lè sọ ohun tó já, ṣùgbọ́n gbogbo àpèjúwe yín ni wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó. Ẹnikẹ́ni kò gbá a, ó yí padà, ó gbọ́ “pá”, ó wú láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì ń yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn iṣan àárín orúnkún tó já nìyẹn, èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń pè ní ACL. Iṣan yìí ló so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú. Bó bá já tán, kì í sábà so ara rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí atògun kò fi lè rí i ṣe. Eegun ni iṣẹ́ tirẹ̀, iṣan yìí sì wà nínú kòtò orúnkún níbi tí ọwọ́ kò lè dé. X-ray pàápàá kì í fi í hàn, àfi MRI. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé n kò bú ẹnikẹ́ni o, àmọ́ kí wọ́n má tún dì í gírígírí mọ́. Ìdì tó le jù lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ẹsẹ̀ sì ti ti ibẹ̀ kú rí. Wíwú tó lọ sílẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Bó bá tún wú, kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí ẹ fi pure water tó ti dì wé inú tówẹ̀lì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún.

Ẹ mú un lọ sí UCH. Láti 1957 tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn náà, ìran-ìran ni àwọn dókítà eegun ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn físíò, tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, láti àwọn ọdún 1960. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí iṣan yìí já ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ padà sídìí bọ́ọ̀lù sábà máa ń nílò rẹ̀. Wọ́n á mú iṣan díẹ̀ láti ẹ̀yìn itan tàbí iwájú orúnkún rẹ̀, wọ́n á fi rọ́pò èyí tó já. Kí wọ́n tó ṣe é, físíò á ti kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́ títí orúnkún á fi nà tán, tí itan á sì lágbára. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ni. Àwọn tó kánjú padà kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé ni iṣan náà tún máa ń já mọ́ lẹ́sẹ̀ jù.

Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù méjì tí éjẹ́ǹtì ń sọ. Bí ọmọ bá sáré lórí orúnkún tó ń yẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kò sì jẹ́ kó mọ ìrora, awọ líle tó wà láàárín eegun méjèèjì ni yóò máa ya. Ìyẹn ló ń sọ ọmọ ogún ọdún di aláàrùn oríkèé kó tó pé ogójì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìdánwò yìí ni làpálàpá.

Ara kò tilẹ̀ ṣàánú gbogbo èèyàn tó báyìí. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn kò ní gbàgbé Fẹ́mi Ọpábùnmi, ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 3SC. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wọ pápá fún Nàìjíríà pẹ̀lú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi ife àgbáyé, ní Osaka, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2002. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ló gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó fi pàdánù ojú kan. Àrùn yẹn kì í sábà dunni, kì í pariwo. Kí ẹlòmíràn tó fura, ìríran ti lọ, kì í sì í padà. Orúnkún ọmọ yín pariwo. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ti éjẹ́ǹtì, láti 2023 ni FIFA ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà ṣe ìdánwò, kó sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn. Orúkọ àwọn tó gbà á wà lórí ìkànnì FIFA fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn yín. Ẹ ní kó fún yín ní lẹ́tà ẹgbẹ́ tó fẹ́ dán ọmọ wò, kí ẹ sì kàn sí ẹgbẹ́ náà fúnra yín, kì í ṣe lórí nọ́ńbà tí òun bá fún yín. Nínú owó tí ọmọ bá rí gbà ni éjẹ́ǹtì tòótọ́ ti ń rí owó tirẹ̀. Èyí tó ń gbowó lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan, ọjà tirẹ̀ ni ẹ̀yin. ₦600,000 tí ẹ fẹ́ wá, ẹ fi ṣe MRI, ẹ fi san owó físíò.

Ẹ tún lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Jẹ́sì wọn ló wọ̀ nígbà tó farapa. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló wà nínú ètò ìlera akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní TISHIP, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀ mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, ẹ béèrè ohun tí ètò náà lè san.

Bàbá rẹ̀ tọ̀nà nípa kíláàsì, wọn kò tọ̀nà nípa “ó ti tán”. Nílùú yìí náà ni Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, tó gbá bọ́ọ̀lù fún IICC, tó sì jẹ góòlù méjì nínú mẹ́ta tí a fi na Algeria gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980. Ìwé kò dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Oṣù mẹ́sàn-án tí ọmọ yín kò ní gbá bọ́ọ̀lù ni àkókò tó dára jù láti fi parí iṣẹ́ tó jẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní gbèsè. Kí bàbá rẹ̀ bá a lọ sí ilé ìwòsàn, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà pẹ̀lú rẹ̀. Àìjẹun yẹn pàápàá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí àárẹ̀ ọkàn wà lára ohun tí ìpalára ń fà.

Torí náà, ìyá wa: kò sí abẹ́rẹ́, kò sí owó ìwé ìrìnnà, kò sí ìdánwò lóṣù méjì. UCH lọ́sẹ̀ yìí, kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹgbẹ́ tòótọ́ bá ń retí rẹ̀, wọn yóò dúró dè é. Bí wọn kò bá dúró, wọn kì bá tí dúró náà nígbà tí orúnkún bá yẹ̀ lórí pápá wọn.

Ẹ̀yin òbí yòókù tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bi kóòṣì léèrè ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn bí ọmọ bá farapa, kí ẹ sì gba èsì náà lórí ìwé.