Ilé Tẹ́tẹ́ Tí Ó Ní Àṣẹ àti Èyí Tí Kò Ní: Ẹ̀kọ́ láti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òṣòdì ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí ó sì gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ a péjọ síbẹ̀, wọn a máa wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣọ̀n, tíkẹ́ẹ̀tì a sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn wà tí a kò rí: àwọn tí ń ta tiwọn lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì, nínú yàrá, àní nínú kíláàsì pàápàá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní Ìsọlọ̀ ni ó jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ó rí ìkànnì tẹ́tẹ́ kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó fi 2,000 náírà ta á, ó sì jẹ 186,000 náírà. Nígbà tí ó ní kí wọ́n san án fún òun, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ fi 20,000 náírà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó orí. Ó mú un nínú owó ilé-ìwé rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n tún béèrè 15,000, ó tún san án. Ní ọjọ́ kẹta, ìkànnì náà kò ṣí mọ́. Ìyá rẹ̀ tí ń ta aṣọ ní Òṣòdì ni ó yá owó fún un kí ó tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Ó bi mí pé, "Ta ni kí n lọ fi ẹjọ́ sùn?" N kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Kì í ṣe pé mo ń rọ ẹnikẹ́ni láti ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí òfin gbà pé kí ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18 máa ta á, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń ta á, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń dá ilé tí ó ní àṣẹ mọ̀ yàtọ̀ sí ilé olè.

Tẹ́tẹ́ láàárín àwa Yorùbá

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àjèjì nínú èdè wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ń lò nígbà tí a bá ní a ta ayò àti nígbà tí a bá ní a ta tẹ́tẹ́. Síbẹ̀, bí a bá pe ènìyàn ní ọ̀ta nídìí ayò, a yìn ín ni. Bí a bá pè é ní atatẹ́tẹ́, a bú u ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nínú ayò, ọ̀ta wà, òpè sì wà, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta jù ni yóò jẹ. Nínú tẹ́tẹ́, ọgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹni tí ń ta á lọ́wọ́. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí níwájú.

Nígbà tí àwọn òbí wa wà ní ọ̀dọ́, púùlù ni ó gbòde. Wọn a kọ kúpọ́ọ̀nù, eré àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ta á. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá lọ fún ìsinmi ọdún, wọn a yí sí eré ilẹ̀ Ọsirélíà. Kálòkálò náà wà, ẹ̀rọ tí a ń sọ owó sí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Premier Lotto dé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú. Ẹ kíyè sí orúkọ yìí dáadáa. Ìnagijẹ Olóyè Kessington Adébùtù tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni àwọn aráàlú mú, tí wọ́n fi sọ tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ lórúkọ. Ènìyàn ni wọ́n fẹ́ mọ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà náà, ẹni tí ń gba kúpọ́ọ̀nù ní ojú, ó ní fèrèsé àti gọ̀bì, ó sì ní onílé tí ó gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ tí kò rí owó gbà, ó mọ ilẹ̀kùn tí yóò lọ kàn. Ìkànnì orí fóònù kò ní gọ̀bì, a kò sì rí ojú ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà ni ìwé àṣẹ fi ṣe pàtàkì. Ìwé àṣẹ ni ojú tí ilé aláìlójú ní: òun ni ó ń sọ orúkọ ẹni tí ó ni ilé, ibi tí a ti lè rí i, àti ẹni tí ó lágbára láti pè é lẹ́jọ́.

Ta ni ó ń fúnni ní àṣẹ?

Ní 2005, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin lọ́tìrì kan, àjọ ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé tẹ́tẹ́ ní ìwé àṣẹ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ń fúnni ní tirẹ̀. Báyìí ni ilé kan ṣoṣo ṣe ń wà lábẹ́ ọ̀gá méjì. Ní 2008, Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, 2024, àwọn adájọ́ méje fi ohùn kan dá a pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣe òfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀, àfi fún agbègbè olú-ìlú ní Àbújá nìkan.

Kí ni èyí jẹ́ fún ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀? Ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó ni àṣẹ wà. Àjọ tí ń mójú tó o ni Lagos State Lotteries and Gaming Authority, tí òfin Èkó ti 2021 fún ní agbára. Bí ilé tẹ́tẹ́ kan bá wá ń fi ìwé àṣẹ àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ hàn wá lára ògiri, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí mọ́ ní Èkó. Ti Èkó ni kí a béèrè.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Níwọ̀n bí bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ ohun tí a fi ń ta tẹ́tẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dára kí a wo ọ̀dọ̀ wọn díẹ̀. Òfin tẹ́tẹ́ tiwọn jáde ní 2005 bákan náà. Òfin yẹn ni ó dá àjọ tí a ń pè ní Gambling Commission sílẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2014, ilé tẹ́tẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára tí ó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ yìí, ìbáà jẹ́ pé erékùṣù òkèèrè ni ilé náà fìdí kalẹ̀ sí.

Ohun mẹ́rin ni ó wú mi lórí nínú ètò wọn. Èkíní, àjọ náà ní ìwé orúkọ tí gbogbo ayé lè ṣí wò. Orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀, àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ àti ìyà tí wọ́n ti fi jẹ ẹ́ rí wà nínú rẹ̀. Èkejì, ilé tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà bóyá owó rẹ̀ yóò ní ààbò bí ilé náà bá wó. Ẹ̀kẹta, láti oṣù kẹrin 2020, wọn kò gbọdọ̀ gba káàdì tí a fi ń yá owó ní báńkì. Owó tí ó jẹ́ tẹni gan-an ni a ó fi ta á. Ẹ̀kẹrin ni GAMSTOP: ẹni tí ó bá rí i pé tẹ́tẹ́ fẹ́ di bárakú fún òun yóò fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìkànnì tí ó ní àṣẹ yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn ìkànnì tí kò ní àṣẹ mọ èyí, wọ́n sì ń fi ṣe ìpolówó pé àwọn kò sí nínú ètò náà. Ẹni tí ó bá wá irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tú okùn tí ó fi so ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà fún. Bí ìkànnì kan bá fi àmì àjọ náà hàn ará Ìsọlọ̀, kò túmọ̀ sí pé àjọ náà yóò gba ẹjọ́ ará Ìsọlọ̀ rò. Ibi tí a bá ń gbé ni kí a ti wá àṣẹ.

Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò

1. Kí a wá orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà àṣẹ rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìkànnì. Àwòrán òǹtẹ̀ kò tó, nítorí ẹnikẹ́ni lè ya òǹtẹ̀. Kí a lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tí ó fúnni ní àṣẹ fúnra rẹ̀, kí a fi orúkọ wé orúkọ, kí a sì ka àdírẹ́sì ìkànnì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni àwọn olè máa ń yí padà.

2. Kí a ka òfin gbígba owó jáde kí a tó san owó wọlé. Ilé tí ó bá ní kí a san owó kí a tó lè gba owó tí a jẹ, ilé olè ni. Bí owó orí bá wà lórí ohun tí a jẹ, inú rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́.

3. Kí a má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan lásán. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó wà lórí àkáǹtì tí ń gba owó.

4. Kí a fi owó kékeré dán an wò: kí a san án wọlé, kí a sì gba díẹ̀ jáde. Gbogbo ilé tẹ́tẹ́ ni ó mọ̀ ọ́n gba owó. Ọjọ́ sísan ni a ń mọ ọmọlúàbí.

5. Kí a ṣe ìṣirò bónọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá fún wa ní 5,000 náírà, tí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ fi ta tẹ́tẹ́ ní ìlọ́po 10 kí a tó mú un jáde, 50,000 náírà ni a ó fi ta á kí ọwọ́ wa tó tẹ 5,000.

6. Kí a sá fún àwọn tí ń ta èsì bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní tòótọ́ kò ní tà á fún wa. Ọ̀kánjúà àti olè, déédéé ni wọ́n jẹ́. Ọ̀kánjúà tiwa ni olè yẹn ń fi ṣe ọjà.

Ohun tí àṣẹ kò lè ṣe

Ó kù ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le. Ilé tí ó ní àṣẹ yóò san owó tí ènìyàn bá jẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ kò sọ pé ènìyàn yóò jẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó.

Kí a gbà pé eré kan lè já sí ọ̀nà méjì dọ́gba-dọ́gba, tí ilé tẹ́tẹ́ sì fi ọ́ọ̀dì 1.90 sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni méjì bá fi 1,000 náírà ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 2,000 ni ó wọlé. Ẹni tí ó jẹ yóò gba 1,900. Ilé mú 100, ìyẹn 5 nínú 100.

Àwọn ọ̀dọ́ kì í ta eré kan ṣá; wọ́n ń so márùn-ún pọ̀ kí owó lè pọ̀. Eré márùn-ún bẹ́ẹ̀ lè já sí ọ̀nà 32. Bí ẹni 32 bá pín gbogbo ọ̀nà náà mú, tí olúkúlùkù fi 1,000 ta á, 32,000 náírà ni ó wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jẹ, nǹkan bí 24,760 náírà ni yóò sì gbà. Ilé mú 7,240, ó lé ní 22 nínú 100.

Lọ́tìrì onínọ́ńbà 90, tí wọ́n ń mú nọ́ńbà márùn-ún jáde nínú rẹ̀, tún le ju èyí lọ. Méjì-méjì tí ó wà nínú nọ́ńbà 90 jẹ́ 4,005. Mẹ́wàá péré ni ó wà nínú márùn-ún tí ó jáde. Bí ẹni 4,005 bá fi 100 náírà mú méjì-méjì wọ̀nyí láìtún ara wọn mú, 400,500 ni ó wọlé. Bí ilé bá ń san ìlọ́po 240, ẹni mẹ́wàá yóò pín 240,000. Ilé mú 160,500, nǹkan bí 40 nínú 100. Kò sì sí màgòmágó kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ ayò. Nínú tẹ́tẹ́, onílé nìkan ni ọ̀ta. Gbogbo àwa tí ń wọlé ni òpè.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ojú ènìyàn ni àwọn òbí wa fi ń gba kúpọ́ọ̀nù gbọ́, àti pé ìwé àṣẹ ni ó dípò ojú yẹn lóde òní. A ti rí i pé ọwọ́ ìjọba Èkó ni àṣẹ wà fún ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bí ó ti wà lọ́wọ́ Gambling Commission fún ará Lọ́ńdọ̀nù. A sì ti rí i pé àṣẹ ń dá ààbò bo owó tí a bá jẹ, kì í dá ààbò bo owó tí a fi ta á.

Èsì ìbéèrè ẹlẹgbẹ́ mi nìyí, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí n tó rí i: bí ilé náà bá ní àṣẹ, àjọ tí ó fún un ní àṣẹ ni a ó fi ẹjọ́ sùn, bí kò bá ní, ọlọ́pàá nìkan ni ó kù, owó náà sì ti lọ kí wọ́n tó dé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó tẹ owó sórí fóònù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé: bí mo bá jẹ tí wọn kò san án, ta ni mo lè lọ bá? Bí kò bá sí èsì, kí á pa fóònù dé. Owó ilé-ìwé kì í ṣe owó tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó bá fi ta á, oúnjẹ ìyá rẹ̀ ni ó fi ta.