Ṣé Ara Ló Ń Ta, Àbí Ó Ti Ń Gbọ́ Wa?

Olóòtú ọ̀wọ́n, ó di ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, ti já lulẹ̀ lórí ọ̀kadà, orí ló sì fi gbálẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò la ojú rárá. Ní báyìí ó ń la ojú, ó ń sùn, ó ń jí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Màmá wa dìde lórí àga láti lọ bu omi, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń bá wọn lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní kó fún ọwọ́ mi, ó fún un. Nígbà tí dókítà dé, kò ṣe nǹkan kan. Dókítà ní ara ló kàn ń ta. Màmá ní ọmọ àwọn ti jí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kí n yé ki Màmá láyà, pé ìrètí yìí ni yóò pa wọ́n. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Obìnrin, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìtọ́jú, arábìnrin mi, ẹ kú àìsùn. Ẹ ní ta ni kí ẹ gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́ta. Ní tèmi, ojú tiyín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì gbà á gbọ́ tán. Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ Ẹtì jẹ́ ẹ̀rí, ẹ̀rí ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Kò tó dá irú ẹjọ́ yìí. Bí ẹ bá rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lọ́nà kan náà, tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá tó ń sunkún ọmọ mọ́, yóò di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tají kì í rí bákan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọ́ọ̀dù yẹn tó ń jókòó tì í pẹ́ tó ẹ̀yin àti Màmá.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti dókítà ná, nítorí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ojú lílà nìkan kò fi hàn pé ènìyàn ti mọ ibi tó wà. Apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń darí mímí, oorun àti jíjí. Apá òkè la fi ń mọ ènìyàn, òun la sì fi ń gbọ́ èdè. Ti ìsàlẹ̀ lè bọ̀ sípò kí tòkè má tíì bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú kọ́mà, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá dúró, sábà máa ń la ojú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, yálà ó ti mọ nǹkan tàbí kò tíì mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yán, ó lè máa wa eyín pọ̀, kó kérora, kí omijé bọ́ lójú rẹ̀, kódà kó rẹ́rìn-ín músẹ́, láìmọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ti ọwọ́ fífún tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti ìka bọ àtẹ́lẹwọ́ ìkókó tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, ẹ ó rí i pé yóò dì í mú ṣinṣin. Ìkókó náà kò gbọ́ àṣẹ kankan. Bí a ṣe dá ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọpọlọ tó fara pa lè padà sí irú ìdìmú yẹn. Nítorí náà, bí ọwọ́ yín bá ti wà nínú àtẹ́lẹwọ́ àbúrò yín kí ẹ tó ní kó fún un, ẹ ò tíì lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yín ló gbọ́ àbí bí ọwọ́ yín ṣe kàn án ló fà á.

Ti ojú tó tẹ̀ lé Màmá dé ẹnu ọ̀nà yàtọ̀, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìwọ̀n kọ́mà tí ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 3 dé 15, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ló gbé e jáde ní Glasgow ní 1974: ojú ní 4, ọ̀rọ̀ sísọ ní 5, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní 6. Ó wúlò gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń la ojú fúnra rẹ̀ ti gba 4 rẹ̀ pé. Bóyá ojú náà ń tẹ̀ lé ènìyàn tàbí kò tẹ̀ lé e, ìwọ̀n yẹn kò bèèrè. Bẹ́ẹ̀, kí ojú máa tẹ̀ lé nǹkan wà lára àwọn àmì tó sábà máa ń ṣáájú nígbà tí ìmọ̀ bá ń padà. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ sí ipò àwọn tí ìmọ̀ wọn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, tó ń wá tó ń lọ, kí wọ́n má baà máa kà wọ́n mọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Belgium tún ara aláìsàn 44 yẹ̀ wò, àwọn tí àwọn tó ń tọ́jú wọn ti fohùn ṣọ̀kan pé wọn kò mọ nǹkan kan. Ìwọ̀n tó kúnná ju ti Glasgow lọ ni wọ́n lò. Méjìdínlógún nínú wọn ló ti ní ìmọ̀ díẹ̀. Ìdá méjì nínú márùn-ún nìyẹn, níbi tí irinṣẹ́ wà, tí òṣìṣẹ́ sì pọ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ìgbà márùn-ún, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ló yẹ kí wọ́n yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò kí ọkàn tó balẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá sọ.

Nǹkan púpọ̀ ló sì lè bo ìmọ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀ lásìkò tí dókítà bá dé: ibà, kòkòrò tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, oògùn wárápá tàbí ti oorun, àárẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún un tí wọ́n yí i padà. Etí rẹ̀ lè ti fara gbá nínú jàǹbá náà. Èdè náà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Yorùbá ló fi dàgbà, kí ẹ bẹ dókítà pé kí wọ́n fi Yorùbá pàṣẹ fún un, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí Màmá sọ ọ́. Orúkọ ẹni máa ń tètè fa etí ẹni tó wà ní ipò yìí ju ìró lásán lọ, nítorí náà kí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ṣáájú, bó bá sì ní oríkì tí Màmá fi ń kí i, kí wọ́n kì í.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ wá dígí ọwọ́ kan tó fẹ̀ tó kó fi lè rí gbogbo ojú ara rẹ̀. Àwọn ará Belgium yẹn kan náà ti rí i ní 2008 pé ojú aláìsàn máa ń tẹ̀ lé àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí ju bó ṣe ń tẹ̀ lé ènìyàn tó ń kọjá lọ. Ẹ gbé e síwájú ojú rẹ̀ ní ìwọ̀n ínṣì 4 sí 6, kí ẹ rọra fà á sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Kí ẹ dákẹ́ bí ẹ ti ń ṣe é, kó má lọ jẹ́ ohùn yín ni ojú ń wá lọ. Ní ti àṣẹ, ẹ kọ́kọ́ wò ó fún ìṣẹ́jú kan láìsọ nǹkan kan, kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tí kì í ṣe fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá bèèrè. Na àtàǹpàkò. Yọ ahọ́n. Tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ìdìmú ìkókó kì í gbọ́ “tú u sílẹ̀”. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró títí ẹ ó fi ka 10 nínú, nítorí ọpọlọ tó fara pa máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹ dán ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì wò, torí apá kan lè ti rọ. Kí ẹ sì pa rédíò, kí èrò jáde, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀.

Nínú ìwé, ẹ kọ ọ́ báyìí: Ọjọ́rú, aago 4:10 ìrọ̀lẹ́. Kò sí ibà. Wọ́n fi rọ́bà fún un lóúnjẹ láago 2. Mo ní kó na àtàǹpàkò ọ̀tún: ó nà án nígbà àkọ́kọ́, ìkẹta, ìkẹrin. Dígí: ojú bá a lọ sọ́tùn-ún, kò bá a lọ sósì. Ẹ kọ ọjọ́ tí kò ṣe nǹkan kan pẹ̀lú. Ìwé tí ọjọ́ dáradára nìkan wà nínú rẹ̀ kò lè dá dókítà lójú, kò sì yẹ kó dá ẹ̀yin náà lójú.

Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin yóò ní gbogbo èyí kàn ń fi iná sí ìrètí Màmá ni. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀rù: owó tó ń tán, àti ìyá tí yóò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ìrètí tí kò ní òṣùwọ̀n ló ń pa ènìyàn, òṣùwọ̀n sì ni ìwé yìí. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sọ sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Aláìsàn tí wọ́n bá ti kọ “kò mọ nǹkan kan” sí fáìlì rẹ̀ ni wọ́n máa ń tètè ní kí wọ́n gbé lọ sílé, tí àwọn fisio kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 lórí ènìyàn 184 tí orí wọn fara pa fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn amantadine ń yára bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ju àwọn tí wọn kò fún lọ. (Ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì o, dókítà ni kí ẹ bi, torí ó lè fa gìrì fún ẹlòmíràn.) Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má máa sọ láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ pé kò sí ìrètí mọ́. Fún ẹni tó jẹ́ pé ìfarapa orí ló gbé e dé ibẹ̀, bíi ti àbúrò yín, ó di oṣù 12 kí wọ́n tó ka ipò náà sí èyí tó ti pẹ́, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ “títí láé” kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje kò tíì sún mọ́ ibẹ̀.

Kí Màmá náà gbọ́ èyí: ojú tó ń tẹ̀ lé wọn kò túmọ̀ sí pé yóò dìde lọ́la kó béèrè iyán. Terry Wallis, ará Arkansas ní Amẹ́ríkà, fara pa nínú ọkọ̀ ní 1984, kò sì sọ̀rọ̀ títí di 2003, nígbà tó pe ìyá rẹ̀. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé ara rẹ̀ kò padà sípò, àti pé ohun tuntun kì í dúró sí i lórí. Díẹ̀ ni irú rẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé bí ìmọ̀ bá ń padà, ìdàrúdàpọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bá a dé. Ó lè máa já rọ́bà oúnjẹ yọ nímú, kó bú nọ́ọ̀sì, kó na Màmá, kó pè yín ní orúkọ tí kì í ṣe tiyín, kó sì gbàgbé láago 3 pé ẹ wá láago 2. Àwọn ará ilé á ní wọ́n ti yí i lórí, wọ́n á máa wá ẹni tó ṣe é. Kò sí ẹni tó ṣe é. Ìpele kan ni lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, ó sì sábà máa ń kọjá.

Màmá lè ní kíkọ nǹkan sílẹ̀ jẹ́ àìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà bí wọ́n ti ń ṣe, kò dí ìwé lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo ni mi ò ti ní gbà fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni, wòlíì ni o, àbúrò bàbá ni o, má ṣe da omi àdúrà tàbí ògì sí i lẹ́nu nítorí pé ó ti la ojú. Ẹni tó ń la ojú lè má tíì lè gbé nǹkan mì dáadáa, ohun tó bá sì gba ọ̀nà ọ̀fun òdì yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ti yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá tí ìwé ṣófo ńkọ́? Ní 2006, Adrian Owen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé obìnrin ẹni ọdún 23 kan tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n ní kó rò ó pé òun ń gbá tẹ́níìsì, ibi tó yẹ nínú ọpọlọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó yá. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2024 rí i pé nínú aláìsàn 241 tí kò tẹ̀ lé àṣẹ kankan níta ara, 60 ń tẹ̀ lé e nínú ọpọlọ. Irú àyẹ̀wò yẹn kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé, mi ò sì rán yín lọ wá a. Mo sọ ọ́ nítorí ohun tí ẹ ń sọ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ jáde síta kí ẹ tó jiyàn lórí owó, àti lórí bóyá yóò yè.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé ìwé náà lọ bá dókítà, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ní wákàtí tí ìwé fi hàn pé ó máa ń ta gìrì jù, ì báà jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nǹkan kan tún kù. Ẹni tó ń fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kà á. Kí Màmá máa pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ̀yin máa gbé dígí, kí ẹ sì fi bírò lé ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin lọ́wọ́.