Ẹni Tí Ó Ni Fáìlì àti Àṣẹ Tí Ó Wà Lórí Rẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Linux

Iṣẹ́ tí a ń kọ́ láti ṣe kò pin sí iwájú pátákó nìkan. Olùkọ́ ni a máa ń fi orúkọ àwọn ọmọ àti máàkì wọn sí ìkáwọ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbé, kọ́kọ́rọ́ ni a sì fi ń tì í. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ohun tí a ń pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: níbo ni kọ́kọ́rọ́ náà wà nísinsìnyí, ọwọ́ ta ni ó sì wà? Nínú ẹ̀kọ́ yìí a óò gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè náà nípa kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux.

Linux kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ni. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jìn díẹ̀. Ní ọdún 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń pè ní Unix ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní àkókò náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò, kò sì sí bí wọn ìbá ti ṣe kí ohun ẹnì kan má dàrú mọ́ ti ẹnì kejì, bí kò ṣe pé kí a fi ààlà sí i. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux ní àwòkọ́ṣe Unix, ó sì gba òfin ààlà yìí wọlé. Ní ọdún 2004 ẹ̀wẹ̀, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, gbé irú Linux kan jáde tí ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà sọ ní Ubuntu, èyí tí ó jẹ mọ́ ìwà ọmọlúàbí sí ẹnì kejì. A kì í san owó kí a tó lò ó. Nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ tí àpò rẹ̀ kò kún pẹ̀lú lè ní i.

Ní Abigi, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, àti ní àwọn ìletò etí omi, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ní olóhun. Baba kan ni ó ni ín. Àwọn ará ilé rẹ̀ lè wà á. Àlejò lè dúró ní èbúté kí ó máa wò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tú okùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Linux pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni onífáìlì, èyíinì ni ẹni tí a kọ fáìlì náà sí orúkọ rẹ̀. Èkejì ni ẹgbẹ́, èyíinì ni àwọn tí a kó orúkọ wọn jọ sí abẹ́ orúkọ kan. Ẹ̀kẹta ni gbogbo àwọn yòókù.

Àṣẹ pẹ̀lú jẹ́ mẹ́ta. Lẹ́tà r dúró fún àṣẹ láti ka fáìlì. W dúró fún àṣẹ láti kọ nǹkan sí i tàbí láti yí i padà. X sì dúró fún àṣẹ láti mú un ṣiṣẹ́, bí ó bá jẹ́ ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Bí a bá tẹ ls -l, a lè rí irú ìlà báyìí:

-rw-r----- 1 tisa5 oluko 2048 Jun 12 09:15 maaki5.csv

Àmì ìlà kékeré tí ó ṣáájú ń sọ fún wa pé fáìlì ni. Bí ó bá jẹ́ fódà ni, lẹ́tà d ni à bá rí. Àmì mẹ́sàn-án ni ó tẹ̀ lé e, a óò sì kà wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta. Rw- jẹ́ ti onífáìlì, tisa5: ó lè kà á, ó sì lè yí i padà. R-- jẹ́ ti ẹgbẹ́ oluko: wọ́n lè kà á, wọn kò lè yí i padà. Mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ ti àwọn yòókù, òfìfo sì ni: wọn kò ní àṣẹ kankan.

A tún lè fi nọ́ńbà kọ àṣẹ wọ̀nyí. R jẹ́ 4, w jẹ́ 2, x jẹ́ 1. A óò sì ro wọ́n pọ̀. 4 àti 2 jẹ́ 6 fún onífáìlì, 4 nìkan fún ẹgbẹ́, 0 fún àwọn yòókù. Nítorí náà chmod 640 maaki5.csv ni a óò tẹ̀ láti fi àṣẹ tí ó wà lókè yìí lélẹ̀. Onífáìlì lè fi chgrp gbé fáìlì rẹ̀ sí abẹ́ ẹgbẹ́ tí òun náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fi chown sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn; root nìkan, tí í ṣe alákòóso kọ̀ǹpútà, ni ó ní agbára bẹ́ẹ̀. Òfin rere ni èyí, kí ẹnikẹ́ni má ba à di ẹrù tirẹ̀ ru ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo fódà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Lórí fódà, r ni àṣẹ láti rí orúkọ àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀. X ni àṣẹ láti wọlé. W pẹ̀lú x ni àṣẹ láti dá fáìlì sílẹ̀ níbẹ̀, láti yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí láti pa á rẹ́. Èyí fi hàn pé àṣẹ láti pa fáìlì rẹ́ kò sí lára fáìlì fúnra rẹ̀. Lára fódà ni ó wà. Bí a bá ti ìwé mọ́ inú àpótí, tí a sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé àpótí náà jù sínú ọ̀sà, èrè kí ni a rí nínú títì tí a tì í?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn kan nínú wa ti lọ dán iṣẹ́ ìkọ́ni wò, gbogbo olùkọ́ ni ń lo kọ̀ǹpútà kan. Nígbà tí ẹnì kan nínú wọn kò rí fáìlì kan ṣí, ó tẹ chmod -R 777 lé gbogbo fódà lórí. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ibẹ̀ lè kà, ó sì lè yí ohunkóhun padà. Ní òpin táàmù, máàkì ìṣirò ọmọ mẹ́ta ti yí padà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọwọ́ tí ó yí i. A fura sí àwọn ọmọ tí ó ṣeé ṣe kí wọn má mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì náà kò sì rí ohun tí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Síwájú sí i, Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ti sọ ọ́ di ojúṣe ẹni tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn pé kí ó dáàbò bò ó.

Báwo ni ì bá ti dára kí a ṣe é? Ní èkíní, kí olúkúlùkù olùkọ́ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Ní èkejì, kí alákòóso dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó fi olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kún un, kí ó sì tún fódà máàkì ṣe, báyìí:

sudo groupadd oluko
sudo usermod -aG oluko tisa5
sudo chown olori:oluko maaki
sudo chmod 3770 maaki

Kí a má ṣe gbàgbé lẹ́tà a nínú -aG, nítorí láìsí i, a óò yọ olùkọ́ náà kúrò nínú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ti wà. Nọ́ńbà 770 fi àyè gba ọ̀gá, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ olori, àti ẹgbẹ́ oluko, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù. Nọ́ńbà 3 tí ó ṣáájú jẹ́ 2 àti 1: 2 ń mú kí gbogbo fáìlì tuntun inú fódà náà jẹ́ ti ẹgbẹ́ oluko, 1 sì ń dá olùkọ́ lọ́wọ́ kọ́ láti pa fáìlì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ní ẹ̀kẹta, kí umask àwọn olùkọ́ jẹ́ 027, kí fáìlì tuntun lè máa jẹ́ 640. Nípa báyìí gbogbo olùkọ́ yóò lè ka máàkì ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni yóò lè tún un kọ.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìlẹ̀kùn yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí àṣẹ kíkà tàbí kíkọ tí ń dá root dúró. Nítorí náà kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ má ṣe di ohun tí a kọ sára ògiri ọ́fíìsì. Ẹni tí a bá fún ní àṣẹ láti kà lè da ohun tí ó kà kọ lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá sì yọ dísíkì inú kọ̀ǹpútà, tí ó gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tí òun jẹ́ root rẹ̀, yóò rí ohun gbogbo kà, àfi bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í tẹ́lẹ̀. Kí a sì máa ní ẹ̀dà máàkì mìíràn ní ibi tí ó fara sin.

Ẹ̀yin ará, ọmọ tí ó jókòó níwájú wa kò lè wọ inú kọ̀ǹpútà lọ gbèjà máàkì rẹ̀; àwa ni a gbé e fún. Kí a tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe, kí a sì fún un ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kí ó má ṣe lé, kí ó má sì dín.

Ìdánwò fún àwọn òǹkàwé:
1. Kí ni ìtumọ̀ 754 lórí fáìlì kan?
2. Fáìlì kan jẹ́ 400, fódà rẹ̀ sì jẹ́ 777. Ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè pa á rẹ́? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
3. Àṣẹ wo ni ẹ óò fi sórí fáìlì tí gbogbo olùkọ́ níláti jọ máa kọ, ṣùgbọ́n tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ kà?