Ààbò Méjì fún Ẹni tí Ó Bá Mú Dúdú Nínú Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

Nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, funfun ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tí ó mú dúdú ti wà lẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan kí ó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí náà ohun tí ó kọ́kọ́ kàn án kì í ṣe bí yóò ti borí, bí kò ṣe bí yóò ti dúró ṣinṣin. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ta ayò yìí mọ̀ pé àríyànjiyàn kì í tán láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní Ààbò Faransé ni ó dára, àwọn mìíràn ní Caro-Kann ni. Mo fẹ́ fi méjèèjì wé ara wọn, kí n sì sọ èyí tí mo rò pé ó yẹ kí òpè kọ́kọ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ. Òpó mẹ́jọ ni ọpọ́n ní, a sì fi lẹ́tà a títí dé h pè wọ́n láti ọwọ́ òsì ẹni tí ó mú funfun. Ìlà mẹ́jọ ni ó dábùú wọn, a sì kà á láti 1 dé 8 bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà. Nítorí náà e4 ni ilé kẹrin lórí òpó e. Àwọn kéékèèké mẹ́jọ tí ó wà níwájú ni mo ń pè ní ọmọ-ogun.

Bí funfun bá fi ọmọ-ogun ṣí sí e4, ohun kan náà ni ààbò méjèèjì ń wá: kí dúdú lè gbé ọmọ-ogun sí d5 ní ìgbésẹ̀ kejì láti dojú kọ ti e4, kí ó sì jẹ́ pé bí funfun bá jẹ ẹ́, ọmọ-ogun mìíràn wà lẹ́yìn tí yóò jẹ padà. Ọmọ-ogun ẹ̀yìn yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ wọn. Faransé fi e6 ṣe é. Caro-Kann fi c6 ṣe é. Orúkọ ti ìṣáájú wá láti inú ayò tí àwọn ará Paris àti àwọn ará London fi lẹ́tà ta láti 1834 dé 1836, tí Paris sì borí. Ti èkejì jẹ́ orúkọ Horatio Caro, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé Berlin, àti Marcus Kann ará Vienna, tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1886.

Ẹ wá wo bíṣọ́ọ̀bù dúdú tí ó wà ní c8. Ọ̀nà rẹ̀ sí ojú ogun gba d7 àti e6 kọjá. Bí ọmọ-ogun bá ti jókòó sí e6, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn nínú ilé, ọ̀pọ̀ ayò Faransé ni ó sì ń parí tí bíṣọ́ọ̀bù náà kò tíì rí òde. Caro-Kann kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn e4 c6, d4 d5, bí ẹlẹ́ṣin funfun bá bọ́ sí c3, dúdú yóò jẹ e4, ẹlẹ́ṣin yóò jẹ padà, bíṣọ́ọ̀bù yóò sì jáde sí f5 láti halẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n òmìnira yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ilé c6 ni ó dára jù fún ẹlẹ́ṣin b8, ọmọ-ogun sì ti gbà á. Bí dúdú bá tún fẹ́ fi ọmọ-ogun kan náà kọlu d4 láti c5, ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò rìn sí ibi tí ti Faransé ń dé ní ẹ̀ẹ̀kan. Ewu sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan kì í gbé bíṣọ́ọ̀bù jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń fi sí d7. Bí funfun bá fi ayaba sí e2, tí òpè sì gbé ẹlẹ́ṣin kejì sí f6 láìronú, ẹlẹ́ṣin funfun yóò fò sí d6, ayò sì parí ní ìgbésẹ̀ kẹfà! Ọmọ-ogun e7 ìbá jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ayaba ń wo ọba láti e2; bí ọmọ-ogun náà bá kúrò, ọba ṣí sílẹ̀. Àwọn ará ilé ọba tìkara wọn ni wọ́n sì dí gbogbo ọ̀nà tí ìbá gbà sá.

Nínú Faransé, funfun sábà máa ń tẹ̀ síwájú sí e5 ní ìgbésẹ̀ kẹta. e5 ni ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n d4 ni ó gbé e ró. Ìdí igi ni a ń gé, a kì í gé ewé. Dúdú yóò gbé ọmọ-ogun sí c5, ẹlẹ́ṣin sí c6, ayaba sí b6, gbogbo wọn kọjú sí d4. Funfun yóò fi c3 àti ẹlẹ́ṣin f3 ṣọ́ ọ, yóò sì gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d3. Dúdú jẹ d4, ọmọ-ogun c3 jẹ padà. Ó wá dàbí ẹni pé d4 ti di ti dúdú. Bí ẹlẹ́ṣin dúdú bá jẹ ẹ́, tí ẹlẹ́ṣin funfun jẹ ẹ́ padà, tí ayaba dúdú sì jẹ ìyẹn, bíṣọ́ọ̀bù funfun yóò bọ́ sí b5, yóò dojú kọ ọba, ayaba funfun ní d1 yóò sì jẹ ayaba dúdú lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni àtúnṣe? Kí dúdú kọ́kọ́ gbé bíṣọ́ọ̀bù c8 sí d7, kí ó dí ọ̀nà b5 náà. Bíṣọ́ọ̀bù tí a ń pè ní òkú ni ó mú kí ìkọlù náà ṣeé ṣe.

Àwọn tí ó fẹ́ràn Caro-Kann yóò pe Mikhail Botvinnik ní ẹlẹ́rìí, ẹjọ́ wọn kò sì kéré. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ta Faransé. Ní 1957, Vasily Smyslov gba ipò àṣáájú ayé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 1958, Caro-Kann ni ó gbé wá. Ó jẹ ayò mẹ́ta àkọ́kọ́, ó mú dúdú nínú méjì, ààbò yìí ni ó sì lò nínú méjèèjì. Ó gba ipò rẹ̀ padà. Ní 1960, ó padà sí Faransé nínú ayò àkọ́kọ́ pẹ̀lú Mikhail Tal, Tal sì jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn Faransé ni mo wà. Ọ̀ta tí ó ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Faransé ni Botvinnik kí ó tó yí padà. Òpè kò tíì ní ohun tí yóò yí kúrò nínú rẹ̀. Caro-Kann ń fún ni ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n òpè tí ó bá wà ní àlàáfíà kì í mọ ohun tí yóò ṣe tẹ̀lé e. Faransé ń fi ibi tí a ó kọlù hàn án láti ìgbésẹ̀ kẹta. (Èmi kò mẹ́nu ba Ààbò Sicily, tí ó ń fi c5 dáhùn e4, nítorí ohun tí a ó há sórí nínú rẹ̀ ju àkókò tí a ní ní ìrọ̀lẹ́ lọ.)

Fún ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù inú ilé bá ṣì ń dùn, ẹ dán èyí wò lórí ọpọ́n: lẹ́yìn e5, dípò c5, ẹ gbé ọmọ-ogun sí b6, kí bíṣọ́ọ̀bù lè bọ́ sí a6, kí ó fi ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù funfun tí ó wà ní f1. Kí ẹ sì wo ohun tí ó gbà lọ́wọ́ yín: bí funfun bá jẹ ẹ́ ní a6, ẹlẹ́ṣin b8 ni yóò jẹ padà, yóò sì wà ní etí ọpọ́n, jìnnà sí c6 níbi tí ìbá ti kọlu d4.