Orí Kẹfà: Èjìká Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣírò

Bí ẹ bá sọdá títì A13 ní Dagenham, tí ẹ forí lé apá odò Thames, ẹ ó dé ibi tí ilé-iṣẹ́ Ford wà. Oṣù Kẹwàá ọdún 1931 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ní ọdún 2002, wọ́n ṣíwọ́ títo odindi ọkọ̀, wọ́n sì gbájú mọ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Àdúgbò oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni Barking àti Dagenham láti ìgbà pípẹ́. Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lónìí, a sì lè kọ́ iṣẹ́ yìí láti ìpìlẹ̀, kódà lórí tábìlì ilé ìdáná wa. Apá ẹ̀rọ kékeré la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Apá ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ tó ń nà, tó ń ká, tó sì ń di nǹkan mú. Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ General Motors ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Amẹ́ríkà, fi ọ̀kan tó ń jẹ́ Unimate sẹ́nu iṣẹ́. George Devol ló ronú kàn án, Joseph Engelberger ló sì bá a sọ ọ́ di òwò. Irin gbígbóná ni wọ́n fi Unimate gbé, iṣẹ́ tó lè jó èèyàn lọ́wọ́ pátápátá. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Tiwa lè má tó kílò kan, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì.

Ẹ wo apá tiyín. Ó ní èjìká, ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Oríkèé ni à ń pe ibi tó ti ń ṣẹ́po wọ̀nyí. Apá ẹ̀rọ náà ní oríkèé, mọ́tò kan sì ni à ń fi sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Irú mọ́tò tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ń rà ni servo. Kì í yí gbirigbiri bíi mọ́tò fáànù. Ibi tí ẹ bá ní kó yí dé ló ń yí dé, á sì dúró síbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lè yí kọjá ìdajì òbírí, ìyẹn digírì 180.

Wàyí o, ẹ gbé àpò ìrẹsì kílò kan. Ẹ kọ́kọ́ gbé e mọ́ àyà, kò sí wàhálà. Ẹ wá na apá yín gbọọrọ síwájú pẹ̀lú àpò náà lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí èjìká á fi máa ta yín. Ìrẹsì náà kò wúwo sí i, ó kàn jìnnà sí èjìká ni. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà tó sí oríkèé ni agbára tí oríkèé náà nílò láti yí i ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká pe agbára yìí ní agbára ìyí. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le: ẹ fi ìwúwo ẹrù sọ ọ̀nà jíjìn rẹ̀ di púpọ̀.

Ká ní apá tí ẹ fẹ́ ṣe gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó sì fẹ́ gbé ẹrù gíráàmù 100, ìyẹn 0.1 kílò. 0.1 lọ́nà 20 jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n apá náà fúnra rẹ̀ ní ìwúwo. Bó bá jẹ́ gíráàmù 60, àárín rẹ̀ ni kí ẹ kà á sí, ní sẹ̀ǹtímítà 10: 0.06 lọ́nà 10 jẹ́ 0.6. Mọ́tò kékeré tó ń ṣí ìka tó sì ń pa á dé wà ní ìparí apá, gíráàmù 9 ni: 0.009 lọ́nà 20 jẹ́ 0.18. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 2.78 kílò-sẹ̀ǹtímítà.

Servo tó wọ́pọ̀ jù, SG90, kò ní ju 1.8 lọ nígbà tí iná rẹ̀ bá jẹ́ fóòtì 4.8. Ẹ rí i pé kò lè gbé e. Á máa gbọ̀n, á máa kùn, á sì gbóná. Ohun mìíràn tún wà: iye tí wọ́n kọ sára mọ́tò ni ibi tí agbára rẹ̀ tán pátápátá. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ apá tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kàn, èjìká ló ti ń bà jẹ́, torí pé wọ́n ti ra mọ́tò kí wọ́n tó ṣírò.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ lè ra MG996R, tí agbára rẹ̀ tó 9.4 ní fóòtì 4.8. Ẹ sì lè gé apá náà sí sẹ̀ǹtímítà 10, kó wúwo gíráàmù 30, kí ẹrù náà sì jẹ́ gíráàmù 50. Ẹ ṣírò rẹ̀ bákan náà, ẹ ó rí 0.74. SG90 á ṣe é. Èyí ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: apá kúkúrú, ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́.

Gíà náà ń ràn wá lọ́wọ́. Bí gíà eléyín 10 bá ń yí gíà eléyín 40, agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n eré á dín kù sí ìdá mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni sípíríǹgì. Ní ọdún 1932, George Carwardine, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Bath, ronú kan fìtílà orí tábìlì tí sípíríǹgì ń gbé ọrùn rẹ̀ ró, tí kì í fi wó lulẹ̀. Rọ́bà tí ẹ bá so sí ẹ̀yìn èjìká apá ẹ̀rọ yín lè bá mọ́tò gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Ẹ de ìdí apá náà mọ́ pákó dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dojú dé. Ẹ má fún síkúrù oríkèé le jù, kó má baà há. Ẹ fún mọ́tò ní bátìrì tirẹ̀, ẹ má fa iná rẹ̀ láti ara Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí mọ́tò.

Oríkèé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, pẹ̀lú páálí líle àti mọ́tò kan. Ilé ìkàwé wà ní Barking Learning Centre, ọ̀fẹ́ sì ni fíforúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Barking & Dagenham College ní Rush Green náà ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ mú ìwé ìṣirò yín dání lọ síbẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè.