Orílẹ̀-Èdè Benin, Aládùúgbò Wa ní Ìwọ̀-Oòrùn: Ìjọba Rẹ̀, Ọrọ̀ Ajé Rẹ̀ àti Àwọn Ènìyàn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ni ó mọ orúkọ Kútọnu. A mọ̀ ọ́n nínú ìrẹsì, a mọ̀ ọ́n nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, a sì mọ̀ ọ́n lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń bá wa mọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba níbẹ̀, tàbí kí ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹun, ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá gba Ìkọ̀tún àti Ìgàndo jáde sí Ìyànà-Ìbà, tí ó sì kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì, yóò kan bodè Sèmè kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn bodè náà ni a ó yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Orúkọ rẹ̀ fẹ́ àlàyé díẹ̀. Kì í ṣe Ìbíní, ìlú Ọba Ẹ̀dó, ni à ń wí. Dahomey ni àwọn Faransé ń pe ilẹ̀ yìí, èyí tí í ṣe orúkọ ìjọba àwọn Fọ̀n ti Abomey, àwọn tí wọ́n ṣígun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1975 ni ìjọba ológun Mathieu Kérékou yí orúkọ náà padà, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni: etíkun rẹ̀ kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n láti etí òkun dé Odò Ọya ní òkè àríwá tó 700 kìlómítà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2013, mílíọ̀nù 10 ni wọ́n bá. Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ni olú-ìlú nínú òfin. Kútọnu ni Ààrẹ àti àwọn mínísítà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, níbẹ̀ sì ni owó wà.

Fọ̀n ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀, Ajá, Ẹ̀gùn, Bàrìbá, Dendi àti Fúlàní sì wà pẹ̀lú wọn. Àwọn tiwa náà ń bẹ, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Ìdáàṣà àti ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ẹnu kò lórí ibi tí ààlà yóò gbà. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú rẹ̀, ní 1886, ni ogun Dahomey pa Kétu run, nítorí náà kò sí ẹni tí ó jókòó nínú ààfin Alákétu láti bi àwọn òyìnbó pé kí ni wọ́n ń fi ìlà fà. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Kétu láti ayébáyé, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, ọmọ Kétu ń kọ́ Faransé nílé ìwé, ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá sì pàdé níbi eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Benin gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1960, oṣù méjì gééré ṣáájú Nàìjíríà. Ìṣòro tí ó bá wọn kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni ó ń du ìjọba: Hubert Maga láti àríwá, Justin Ahomadégbé láti ìhà Abomey, àti Sourou-Migan Apithy láti Àjàṣẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ènìyàn agbègbè tirẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun fi ipá gba ìjọba ní 1963, ní 1965, ní 1967 àti ní 1969. Ní 1970 wọ́n wá ta ọgbọ́n kan tí ó jọni lójú: kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jẹ Ààrẹ ní ọdún méjì méjì, bí ẹní ń pín oko àjogúnbá. Maga lo ọdún méjì tirẹ̀, ó sì gbé e fún Ahomadégbé. Apithy kò rí tirẹ̀ jẹ, nítorí pé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1972 ni Kérékou kó àwọn ọmọ ogun dé.

Kérékou lo ọdún mẹ́tàdínlógún lórí oyè láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn. Ní 1974 ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tẹ̀ lé, ìjọba sì gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ajé sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di òpin 1989, àwọn ilé owó ìjọba ti wó, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kò rí owó oṣù gbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ibí yìí ni ìtàn wọn ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì 1990, nǹkan bí 500 ènìyàn péjọ sí ilé ìtura kan ní Kútọnu: àgbẹ̀, olùkọ́, ológun, oníṣòwò, olórí ẹ̀sìn, àti àwọn ààrẹ àtijọ́ pàápàá. Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà, Isidore de Souza, ni ó jókòó lórí àga alága. Àwọn tí a pè láti wá dá ìmọ̀ràn sọ pé ìpinnu àwọn ni àṣẹ. Gbogbo ènìyàn ń retí ìbọn. Kérékou gbà, ìbọn kankan kò sì dún. Ní 1991 wọ́n dìbò, Nicéphore Soglo borí rẹ̀, ó sì gbé ìjọba sílẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìbò kan náà ni ó dá Kérékou padà.

Yayi Boni ni ó tẹ̀ lé e ní 2006, Patrice Talon sì dé ní 2016. A kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin láti ìgbà náà. Ní ìbò aṣòfin ti 2019, ẹgbẹ́ méjì péré, tí àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn Ààrẹ, ni a jẹ́ kí ó díje, ẹ̀mí sì ṣòfò nínú ìfẹ̀hónúhàn tí ó tẹ̀ lé e. Ní 2023 ẹgbẹ́ alátakò padà rí àga 28 gbà nínú 109. Òfin wọn sì ti ya àga 24 sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, ohun tí àwa kò tíì ṣe nígbà náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn ọmọ ogun kan kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ti gba ìjọba. Wọn kò rí i ṣe, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó lọ ran ìjọba náà lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n fi ń jẹun? Òwú ni àkọ́kọ́. Òun ni àgbẹ̀ àríwá ń gbìn jù láti tà sí òkè òkun. Ọ̀pẹ òyìnbó àti kajú tẹ̀ lé e. Ní Àjàṣẹ́ ni oko ìkọ́ṣẹ́ Songhai wà, tí Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985, tí àwọn ọ̀dọ́ wa náà sì ń lọ kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oko nìkan kọ́ ni ó ń bọ́ Kútọnu. Èbúté rẹ̀, tí a ṣí ní 1965, ni ilẹ̀kùn tí ẹrù ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú ẹrù náà kì í sì í dúró níbẹ̀. Ìrẹsì, adìyẹ inú yìnyín, aṣọ àlòkù àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gba ibẹ̀ wọ Nàìjíríà, bí òfin wa tilẹ̀ kọ̀ wọ́n. Epo bẹntiróò tiwa, tí wọ́n ń pè ní kpayo, ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rọrùn láti pe ará Kútọnu ní onífàyàwọ́. Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ kí ó wo inú ìkòkò tirẹ̀ ná, nítorí pé ẹni tí ń tà wà lọ́hùn-ún, ẹni tí ń rà sì wà níhìn-ín.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí. Nàìjíríà ti bodè ní 1984, ó sì tún tì í ní oṣù Kẹjọ 2019 nítorí ìrẹsì. Ní apá tiwọn, ọkọ̀ ẹrù tò jọ sí Sèmè, èso àti tòmátì jẹrà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí ó ti gbójú lé ọjà Èkó. Ní apá tiwa, iye owó ìrẹsì fò sókè lójú gbogbo ìyàwó ilé. Oṣù Kejìlá 2020 ni a tó kéde pé kí a ṣí Sèmè àti àwọn bodè mẹ́ta mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún 2023 ni ìjọba wa dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo dúró, kpayo sì wọ́n lọ́jọ́ kan. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni owó náírà já wálẹ̀, tí owó séfà tiwọn sì ga sí i, ni àwọn ará Benin bá ń wá ra ọjà lọ́dọ̀ wa.

Ilẹ̀kùn mìíràn ni ìjọba Benin ń wá báyìí. Wọ́n ti kọ́ ibùdó ilé iṣẹ́ ńlá sí Glo-Djigbé kí òwú àti kajú lè di ọjà kí ó tó kúrò nílẹ̀ wọn, páìpù epo tí ó tó 2,000 kìlómítà sì ti gba ilẹ̀ Niger wá dé etíkun Sèmè, nítòsí Àgbádárìgì níbí.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i: àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà ní àyè láti wọ Benin láìgba fisà, kí ó sì dúró fún 90 ọjọ́. Kí ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú, kí ó sì rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà ní apá méjèèjì bodè.