Sí Àkànní, Lórí Ìrìn Àjò Aginjù Utah

Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn púpọ̀ láti kà níbẹ̀ pé ìwọ, aya rẹ àti àwọn ọmọ fẹ́ lọ wo Arches, ọgbà ìjọba tí ó wà lẹ́bàá ìlú Moab ní ìpínlẹ̀ Utah, nítorí ẹni tí ó gbé Amẹ́ríkà títí tí kò mọ̀ ju ọ̀nà iṣẹ́ àti ọ̀nà ilé lọ, kò gbé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ aginjù náà rí, mo sì ní ọ̀rọ̀ í bá ọ sọ.

Àpáta ràbàtà, pupa bí osùn, ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àwọn tí ojú wọn lu jáde sí ìhà kejì nínú wọn lé ní 2,000. Àwọn kan a máa wí pé afẹ́fẹ́ ni ó gbẹ́ wọn. Má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Iyọ̀ òkun àtijọ́ ni ó tẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀ náà, nígbà tí àpáta tí ó gorí rẹ̀ sì wúwo jù, iyọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, àpáta là ní ìlà ìlà, omi òjò ráàyè wọlé, ó ń di yìnyín nígbà òtútù, ó ń fẹ ojú sísán náà, ó ń bó o díẹ̀díẹ̀ títí tí ìmọ́lẹ̀ fi là á já. Omi tí ó wọ́n bí ojú ní ibẹ̀ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Ní 1991, òkúta ńlá kan ya lulẹ̀ lára èyí tí wọ́n ń pè ní Landscape Arch, tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 88, tí wọ́n fi dí ọ̀nà tí ó gba abẹ́ rẹ̀; ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ 2008, òmíràn tí ń jẹ́ Wall Arch wó lulẹ̀. Òyígíyigì, Ọba àìkú, nìkan ni àpáta tí kì í ya. Nítorí náà, má jẹ́ kí ọmọ kankan gun orí wọn nítorí àwòrán. Òfin ọgbà pàápàá kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù. Ẹ ó rí iyanrìn kan tí ojú rẹ̀ dúdú, tí ó le, tí ó sì rí págunpàgun. Ẹ̀dá alààyè wẹ́wẹ́ ni ó so ó pọ̀ tí ẹ̀fúùfù kò fi gbé e lọ, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ba ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún ti tò jọ jẹ́. Ojú ọ̀nà tàbí orí àpáta ni kí ẹ máa tẹ̀.

Ọ̀nà tí ó lọ síbi Delicate Arch, ọ̀kan nínú àwọn àpáta olójú náà, ní àlọ àti àbọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 5, kò sì sí ibòji níbẹ̀. Ẹ mú un ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí olúkúlùkù ní omi tirẹ̀, lítà 4 fún òòjọ́ ó kéré tán, kí ẹ sì di oúnjẹ yín láti Moab, nítorí wọn kì í tà á nínú ọgbà.

Oṣù keje tí o dá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ooru a máa kọjá ìwọ̀n 38 ti Celsius nígbà náà, àbíkẹ́yìn rẹ sì kéré. Mo bẹ̀ ọ́, sún un sí oṣù kẹwàá, kí o sì kọ̀wé sí mi bí ẹ bá ti fẹnu kò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré